Ìkúnlẹ̀ Kò Sí Nínú Ìwé Náà

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, gbogbo ìlú Ayétòrò ló rẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àárẹ̀ ti Àṣìkẹ́ yàtọ̀.

Àṣìkẹ́, ìyàwó Ọdẹkúnlé, jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nígbà náà. Ogún ọdún ló fi ta ànkárá, tó ń gba Ìdí-Ìrókò lọ kó ọjà ní Kùtọnù, tó sì mọ àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Bí bọ́dà ṣe tì, ọjà tì. Ẹ̀gẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣáà wà lóko, nítorí náà ó padà sídìí iṣẹ́ tó kọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Ó lọ bá àwọn obìnrin tó ń dín gàrí ní ẹ̀yìn ọjà, wọ́n fún un ní agbada kan àti ààrò kan. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, inú èéfín ni wọ́n wà. Gbogbo wọn ló ń wúkọ́, gbogbo wọn ló ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n bá gbé àpò. Nígbà tí Àṣìkẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rìn láti ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ dé ìdí ààrò, ta ni yóò fura? Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Àyà kò sì dùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń dùn ún ni ẹ̀yìn, láàárín èjìká méjèèjì, àti àgbọ̀n lápá òsì. Inú a máa rú u, òógùn tútù a sì bò ó. Ọkùnrin tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì fún un lóògùn ọgbẹ́ inú. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní ibà ni, nígbà tí kò lọ wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ní oṣù kìíní, oníṣègùn eyín kan yọ eyín rẹ̀ kan torí àgbọ̀n tó ń dùn ún. Eyín náà funfun, kò ní ihò kankan lára, ọkùnrin náà sì dì í sínú òwú lé e lọ́wọ́. Àṣìkẹ́ ń wò ó nínú mọ́tò títí tó fi délé. Eyín ti lọ láìṣẹ̀, àgbọ̀n sì ń dùn ún síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi, tó ń gbé lábúlé lọ́nà oko, ní ohun tó ń ṣe é ò ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí lọ. Ó ní, "Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ lara obìnrin máa ń ṣe. Gbogbo wa la là á kọjá. Pẹ̀lẹ́."

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó sì lábo. Àṣìkẹ́ kò mọ èyí tí wọ́n fún òun, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ torí kò lọ sídìí ààrò. Wọ́n ní ṣé ó ti rí i báyìí pé àárẹ̀ lásán ni. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tún ṣílẹ̀kùn ilé gàrí ní oṣù kẹfà, tó gbé agbada kaná, àìsàn náà ti dúró dè é níbẹ̀.

Bàbá Abọ́dúnrìn ló fura sí i. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ilé rẹ̀ kọjú sí ti Ọdẹkúnlé. Ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, àyà gbá òun náà mú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣubú sáàárín àga lójú gbogbo ìjọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọgbẹ́ inú ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí wọ́n ti gbé e dé Èkó, wọ́n la àyà rẹ̀, wọ́n tún ọkàn rẹ̀ ṣe. Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sórí àga onítìmùtìmù níwájú ilé. Ìyàwó rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, ó ń gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó ń bọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ẹni tó bá wá kí i, bàbá náà á na ìka kan sókè, ó parí. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ti gun alùpùpù rẹ̀ lọ sóko. Wọ́n ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ọlọ́run ló ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó bàbá náà ṣe níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá yìí rí Àṣìkẹ́ tó jókòó sórí òkúta níwájú ilé rẹ̀, igbá gàrí wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti funfun bí eérú.

"Ìyá Ṣèyí, bí ẹ bá dúró, ṣé ìrora náà máa ń lọ?"

"Ó máa ń lọ, Bàbá. Bí mo bá tún rìn, á tún padà dé."

Kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́. Ó wọlé lọ mú nọ́ńbà dókítà rẹ̀ wá.

Ọdẹkúnlé ta ilẹ̀ oko kan létí odò láti fi wá owó ìtọ́jú. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀, ó kàn tà á. Ọmọ wọn obìnrin, Ṣèyífúnmi, tó ń ṣe tíṣà ní Ọ̀tà, ló wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Èkó. Láti Ayétòrò títí wọ́n fi kọjá Ìlaró, ńṣe ni àwọn aṣọ́bodè ń dá mọ́tò dúró, wọ́n ń wá ìrẹsì òkèèrè kiri nínú ẹrù èrò. Gbogbo wọn á sọ̀, gbogbo wọn á tún wọlé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Àṣìkẹ́ kò lè sọ̀ mọ́. Aṣọ́bodè kan ṣí báàgì rẹ̀, kò rí ju ìró méjì àti ìwé ilé ìwòsàn, ó sì pa á dé wẹ́rẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́." Àṣìkẹ́ ṣàdúrà fún un.

Dókítà Bàrúwà, dókítà Bàbá Abọ́dúnrìn, ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè, ya àwòrán ọkàn sórí ìwé fún un.

"Iṣan mẹ́ta ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn yín, Màmá. Méjì ti dí, ìkẹta ń dí lọ. Ẹ̀yin ará ẹnubodè, kí lẹ máa ń ṣe bí ọ̀nà bá tì?"

"À ń gba ẹ̀bùrú, Dókítà."

"Ẹ̀bùrú náà la fẹ́ là fún ẹ̀jẹ̀. A ó yọ iṣan kan lẹ́sẹ̀ yín, a ó fi ṣe ọ̀nà tí yóò yí ibi tó dí ká."

Àṣìkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ṣèyífúnmi wá bèèrè bóyá ìyá òun yóò padà bọ̀ sípò bíi ti Bàbá Abọ́dúnrìn. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "N kò ní purọ́ fún yín. Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, àwọn obìnrin tí kì í yè é máa ń pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Àìsàn náà kì í sábà gbá obìnrin láyà mú lójú èrò. Ó lè gba ẹ̀yìn wá, ó lè gba inú wá. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á ti tọ́jú ibà, wọ́n á ti tọ́jú inú..."

"Wọ́n ti yọ eyín," ni Àṣìkẹ́ wí.

"Iṣan yín tún tẹ́ẹ́rẹ́ ju tọkùnrin lọ, rírán rẹ̀ le. Bí a bá sì ṣe é yọrí, tí ẹ délé, ọkùnrin ní ìyàwó tí yóò tọ́jú rẹ̀. N kì í mọ ẹni tí obìnrin ní."

Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Àṣìkẹ́ gba bírò, ó fọwọ́ síwèé.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n la àyà rẹ̀. Nígbà tó jí, ó dà bíi pé wọ́n gbé odindi ọlọ lé e láyà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mùínátù ló ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ pé kó máa di ìrọ̀rí mọ́ àyà bó bá fẹ́ wúkọ́, òun ló sì sọ fún un pé kọ́mú kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ tọ̀sán tòru, torí ìwúwo ọmú lè máa fa ojú egbò. Ojú ti Àṣìkẹ́. Ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ kọ́mú tipẹ́.

Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, wọ́n fún un ní ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ lédè òyìnbó. Ṣèyífúnmi kà á fún un. Kò gbọdọ̀ wa mọ́tò fún oṣù mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ gé koríko. Kò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju kẹ́tùlù omi lọ. Kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù orí pápá tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá.

Àṣìkẹ́ ní, "Òfin yìí rọrùn. N kò wa mọ́tò rí láyé mi."

Ó dájú pé ọkùnrin kan ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ìwé náà, ọkùnrin tó ní mọ́tò, tó sì ní koríko tó ń gé. Kò sí gàrí dídín níbẹ̀. Kò sí ọmọ pípọ̀n. Kò sí ìkúnlẹ̀. Egungun àyà tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n fi wáyà dì pọ̀, kò fẹ́ kí èèyàn máa fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí ara rẹ̀ kò le yóò ṣe dìde lórí ìkúnlẹ̀ tí kò ní fọwọ́ ti ilẹ̀. Kí wọ́n tó jáde, Àṣìkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Dókítà Bàrúwà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kanlẹ̀. Ẹní bá mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ dìde, Màmá, Ọlọ́run ló ṣe é." Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i, ó sì dùn mọ́ gbogbo wọn.

Nílé, Àṣìkẹ́ pa òfin ìwé náà mọ́ débi pé kò gbé ife omi méjì pọ̀. Ọdẹkúnlé ń pọn omi, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ń dáná. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wá kí i. Ẹbí ọkọ rẹ̀ pọ̀ láti Ayétòrò títí dé àwọn abúlé oko, ìyàwó ilé sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún àgbà wọn, kó tún kúnlẹ̀ fún ọmọdé tí wọ́n bí sílé kó tó wọlé ọkọ. Mẹ́jọ wá lójúmọ́, mẹ́wàá wá. Bí ẹnì kan bá ti yọjú, Àṣìkẹ́ á rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, á kúnlẹ̀, á kí i tọmọtọmọ, á fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde. Wọ́n ní àìsàn kò gba ìwà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi ń fi yangàn ní abúlé pé ìyàwó àbúrò òun kúnlẹ̀ kí òun pẹ̀lú àyà tí wọ́n là. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àṣìkẹ́, ó sì dùn mọ́ ọn. Ta ni irú rẹ̀ kò ní dùn mọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́ bó bá yíra padà lórí ibùsùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ oko ti lọ, ọmọ ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀lé e kiri, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ máa wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ó dákẹ́ títí Ṣèyífúnmi fi wá lópin ọ̀sẹ̀, tó ń fọ kọ́mú ìyá rẹ̀, tó rí omi ọyún tó ti gbẹ sára rẹ̀.

Wọ́n tún padà sí Èkó.

"Màmá, kí lẹ gbé?" Ohùn Dókítà Bàrúwà le díẹ̀.

"N kò gbé nǹkan kan." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin náà lórí, láti orí mọ́tò dé orí koríko, kò fo ọ̀kan. Ọdẹkúnlé búra pé òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́ ni ọ̀gá àgbà àwọn dókítà wọlé, bàbá arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ tí Àṣìkẹ́ fi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì Mùínátù sáré dì í níbàdí mú.

"Dókítà, ẹ wò ó," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe."

Dókítà Bàrúwà bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń kúnlẹ̀ lójúmọ́?"

"Ìkúnlẹ̀? Ta ní ń ka ìkúnlẹ̀?"

Dókítà fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ ti kúnlẹ̀ fún èmi náà lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ sílé. Mo dúró, mo ń wò yín." Kò lè wo ojú Ọdẹkúnlé mọ́.

Wọ́n tún àyà náà là, wọ́n fọ ọyún kúrò, wọ́n fi wáyà tuntun dì í. Kó tó lọ sílé lẹ́ẹ̀kejì, Dókítà là á yé wọn pé bí egungun náà bá tún fi lè yà, tí ọyún sì dé ìtòsí ọkàn, ó ṣeé ṣe kí òun má rí nǹkan ṣe sí i mọ́. Nọ́ọ̀sì Mùínátù gba ìwé òfin náà, ó fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ ní Yorùbá pé kí Màmá má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́ta, ẹni yòówù kó jẹ́.

Ọdẹkúnlé lẹ ìwé náà mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ó ń kà á fún àlejò kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀pọ̀ gbà, àwọn mìíràn fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òyìnbó ti kọ́ ìyàwó wọn ní ìgbéraga. Èyí ò ṣe Àṣìkẹ́ ní nǹkan kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi dé láti abúlé, ó gbé adìyẹ kan lọ́wọ́. Obìnrin yìí ló pọn Ọdẹkúnlé dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, kò sì sẹ́ni tí Ọdẹkúnlé bẹ̀rù tó o láyé. Kò mọ̀wé, kò sì dúró gbọ́ ohun tó wà lára ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó dúró sí àárín yàrá, ó ń retí.

Àṣìkẹ́ di ìrọ̀rí mọ́ àyà. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn. Ilé ńkọ́, mà?"

"Àṣìkẹ́, ṣé orí àga lo ti ń kí mi?"

"Ẹ má bínú, mà. Egungun àyà mi kò tíì so pọ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀, ọwọ́ ni mo máa fi ti ilẹ̀ dìde, ibẹ̀ ló ti yà lọ́jọ́sí."

"Orí ìkúnlẹ̀ lèmi ti bí ọmọ mẹ́jọ. Kò sí egungun kankan tó yà."

Àṣìkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ọdẹkúnlé ń wo ilẹ̀. Ó ní pẹ̀lú ohùn kékeré, "Fi orúnkún kan kanlẹ̀, Àṣìkẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Èyí dùn ún ju abẹ lọ. "Bàbá Ṣèyí, ẹ̀yin lẹ lẹ ìwé náà mọ́lẹ̀kùn."

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá kúnlẹ̀ tán, ta ló máa gbé mi dìde?"

Àṣìkẹ́ kọjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kúnlẹ̀ fún yín, mà, inú mi sì dùn sí i. Ó ti rẹ̀ mí báyìí. Mo fẹ́ yè."

Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi gbé adìyẹ sílẹ̀ tòun ti okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yíjú padà, ó jáde láìmu omi. Ọdẹkúnlé sáré tẹ̀ lé e lọ sí títì. Nígbà náà ni Àṣìkẹ́ sunkún. Ó di ìrọ̀rí mú ṣinṣin bó ṣe ń sun ún, torí ẹkún náà máa ń mi egungun àyà. Ó mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn lọ, wọn kò ní pe òun ní ìyàwó tó mọ̀wà hù nílé Ọdẹkúnlé mọ́, orúkọ kan ṣoṣo tó sì fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wá nìyẹn.

Ó pẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ní òun kò ní tẹ ilé yìí mọ́."

"Mo gbọ́."

"Kí la máa wá ṣe báyìí?"

Àṣìkẹ́ nu ojú rẹ̀. "Ẹ bá mi pa adìyẹ yẹn. Ebi ń pa mí."

Ọdẹkúnlé kò pa adìyẹ fún ọbẹ̀ rí láti ìgbà tó ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e, ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ wá ọ̀bẹ. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ tán.

Ní oṣù kejìlá, Dókítà Bàrúwà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé Àṣìkẹ́ láyà, ó ní kó wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan kan kò mira lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní egungun náà ti so pọ̀. Títí di òní, Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi kò tíì padà wá.